Ọ̀wọ́ Èrò: Ààbò àti Ìmọ̀ nínú Ìrìn-Àjò Ọlọ́pọ̀ Ènìyàn

Bí a bá fi etí sílẹ̀ dáadáa sí òwe tí àwọn baba wa ń pa lórí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò, a ó ṣàkíyèsí pé ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Àwọn kan ń gba ènìyàn níyànjú pé kí ó má ṣe dá nìkan rìn: ọ̀pọ̀ èèyàn ní í jẹ́ jànmọ́ọ̀, àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Àwọn kan sì ń kìlọ̀ pé ẹni tí ó ti kúrò nílé ti di ẹni tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún un mọ́: àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Òwe méjèèjì kò tako ara wọn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan dúró sí àárín wọn. Bí ojú àlejò kan kò bá ríran, ǹjẹ́ igba àlejò tí wọ́n jọ ń rìn yóò ríran bí? Bí igba ènìyàn tí kò mọ ọ̀nà bá kó ara wọn jọ, ṣé wọ́n ti di amọ̀nà ni, àbí igba ènìyàn ni yóò jọ ṣìnà?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Lọ́dọọdún ni ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Nàìjíríà ń bá ẹgbẹ́ rìn lọ sí òkè òkun. Àwọn Mùsùlùmí ń lọ sí Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà, àwọn Kristẹni ń lọ sí Jerúsálẹ́mù, àwọn mìíràn sì ń lọ fún ìgbafẹ́, ọjà títà tàbí ìpàdé. Wọ́n san owó sọ́wọ́ ẹnì kan, wọ́n gba aṣọ ẹgbẹ́jọdá, wọ́n sì tẹ̀ lé ẹni tí ó gbé àsíá níwájú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbàgbọ́ pé bí ẹgbẹ́ bá ti pọ̀, ewu ti kọjá lọ nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nìkan kò dáàbò bo èrò ọ̀nà rí. Ohun mẹ́ta ni ó ń sọ ọ̀pọ̀ di ààbò: ìròyìn tí ó dé kí ẹsẹ̀ tó dé, olórí tí a lè bi léèrè, àti àkọsílẹ̀ tí ó fi hàn pé a mọ iye ẹni tí ó lọ, a sì mọ iye ẹni tí ó bọ̀.

Èrò ọ̀nà ní ayé ogun

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìrìn-àjò láti ìlú kan sí èkejì ní ilẹ̀ Yorùbá tó ìrìn-àjò sí òkè òkun lóde òní. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ọba tirẹ̀, òfin tirẹ̀, ọ̀tá tirẹ̀ àti ẹnu ibodè tirẹ̀. Ẹni tí ó bá kúrò ní Ìbàdàn tí ó fẹ́ dé etí òkun ní láti gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí ti Ìjẹ̀bú kọjá, ilẹ̀ méjèèjì sì lè di àtìpa fún un láàrin òru ọjọ́ kan. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ kan, àwọn agbénipa àti àwọn ajínigbé gba ojú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá dá rìn lè bá ara rẹ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìdí nìyí tí ọ̀wọ́ èrò fi di ètò pàtàkì. Àwọn oníṣòwò, tí àwọn obìnrin pọ̀ jọjọ nínú wọn, a máa kóra jọ sí ojú kan títí wọn yóò fi pọ̀ tó. Àwọn ọkùnrin tí ó ní ìbọn àti idà a máa rìn níwájú àti lẹ́yìn, àwọn aláàárù, àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé a sì wà láàárín. Olórí ọ̀wọ́ ni ó ń pinnu ìgbà tí wọn yóò dìde, ibi tí wọn yóò sùn àti ìgbà tí wọn yóò dúró. Nígbà tí ọkùnrin ará Scotland náà, Hugh Clapperton, gba Àgbádárìgì wọlé ní òpin ọdún 1825, tí ó sì dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1826, kì í ṣe agbára rẹ̀ ni ó fi rin ọ̀nà náà já. Àwọn ọba àti baálẹ̀ ìlú ni wọ́n ń fi í lé ara wọn lọ́wọ́ láti ibì kan sí ibòmíràn. Nígbà tí ó kúrò ní Ọ̀yọ́ tí ó dé Kaiama ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, ó bá ọ̀wọ́ àwọn oníṣòwò Haúsá pàdé níbẹ̀ tí wọ́n ń bọ̀ láti ilẹ̀ Gonja. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n lé ní 1,000 ènìyàn lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹran tí ó ru ẹrù wọn kò sì kéré sí iye yìí.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí bí irú ọ̀wọ́ Haúsá bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣètò ara rẹ̀. Wọn kì í fi gbogbo iṣẹ́ lé ènìyàn kan lọ́wọ́. Madugu ni olórí pátápátá, òun ni ó ń bá ọba sọ̀rọ̀, tí ó sì ń dúnàádúrà lórí owó ibodè. Jagaba ni afinimọ̀nà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó mọ ibi tí omi wà àti ibi tí ọ̀tá ba sí. Ọlá olórí kò fi dandan sọ ọ́ di amọ̀nà. Ẹ̀kọ́ kékeré kọ́ ni èyí. Lónìí, a máa ń rí i pé ẹni tí ó kó owó èrò jọ ni ó tún sọ ara rẹ̀ di afinimọ̀nà ní ìlú tí òun alára kò dé rí.

Kì í ṣe ìbọn ni ohun èlò tí ó ṣe pàtàkì jù fún ọ̀wọ́ èrò. Ìròyìn ni. Ọ̀nà tí ó là lánàá lè dí lónìí. Ní nǹkan bí ọdún 1872, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ṣe akitiyan láti la ọ̀nà Oǹdó, kí àwọn ará òkè lè rí etí òkun dé láìgba ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú kọjá. Ní ọdún 1877, ọ̀rọ̀ àwọn èrò tí Ààrẹ Látòósà rán lọ ra ohun ìjà ní Àjàṣẹ́, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní Porto-Novo, wà lára ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá. Ìjà náà sì di ara ogun ńlá tí a mọ̀ sí Kírìjì, èyí tí kò tán títí di ọdún 1893. Ìjẹ̀bú ní tirẹ̀ kò jẹ́ kí àjèjì la ilẹ̀ rẹ̀ kọjá sí etí ọ̀sà títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1892. Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ́ tí ó ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ pé ọ̀nà ti dí, ẹgbẹ̀rún ẹrú ni ó ń kó lọ fún ọ̀tá. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n: àwọn baba wa kò sọ pé ogun kì í pa arọ tí ó bá ní ẹgbẹ́ púpọ̀. Gbígbọ́ ni wọ́n tẹnu mọ́.

Oníbodè, onílé àti àrokò

Ohun mẹ́ta mìíràn ni ó ń ran èrò ọ̀nà lọ́wọ́. Èkíní ni ibodè. A sábà máa ń rántí oníbodè gẹ́gẹ́ bí agbowó, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba owó lórí ẹrù ní láti ka ẹrù, ẹni tí ó bá sì ka ẹrù mọ ẹni tí ó rù ú. Bí èrò kan bá sọnù láàrin ibodè méjì, ẹni kan wà tí a lè bi pé, 'Ǹjẹ́ ó kọjá níbí?' Oníbodè náà ni ó kọ́kọ́ ń gbọ́ ìròyìn ìlú tí ó wà níwájú, nítorí pé ẹnu rẹ̀ ni àwọn tí ó ń bọ̀ àti àwọn tí ó ń lọ ti ń pàdé.

Èkejì ni onílé, ẹni tí àlejò wọ̀ sí lọ́dọ̀. Onílé kì í ṣe ẹni tí ó fún àlejò ní ẹní àti omi nìkan. Òun ni ó ń sọ èèwọ̀ ìlú fún un, tí ó ń mú un mọ oníbàárà, tí ó sì ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ níwájú ọba. Bí àlejò bá jẹ gbèsè, onílé ni a ó kọ́kọ́ kàn sí. Bí wọ́n bá rẹ́ àlejò jẹ, ojú onílé ni ó tì. Nítorí náà, ó ní ìdí tirẹ̀ tí ó fi fẹ́ kí àlejò rẹ̀ mọ ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀.

Ẹ̀kẹta ni àmì ìdánimọ̀. Ìránṣẹ́ ọba a máa mú ọ̀pá tàbí ohun mìíràn dání tí ó fi hàn pé ọba ni ó rán an. Àwọn ènìyàn a sì máa fi àrokò ránṣẹ́ sí ara wọn. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ fà sí ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí, nítorí pé ẹ̀fà ni. Owó ẹyọ mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ ara wọn, nítorí pé ẹ̀jọ ni. Ẹni tí ó mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kì í ṣe àlejò tí kò ní ará. Bí a bá fi ojú ṣùnnùkùn wò ó, iṣẹ́ tí ìwé ìrìnnà àti físà ń ṣe lónìí kò jìnnà sí èyí. Wọ́n ń sọ fún ẹni tí kò mọ̀ wá rí pé ẹnì kan níbì kan lè jẹ́rìí wa.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ní ewu tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní ayé ìgbà náà, bí ará ìlú kan bá jẹ gbèsè tí kò san án, ẹni tí ó jẹ lówó lè mú ẹrù ará ìlú rẹ̀ mìíràn tí ó bá ń kọjá lọ, kódà ó lè mú ẹni náà gan-an, títí ìlú rẹ̀ yóò fi bá ajigbèsè sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n mú lè má tilẹ̀ mọ ajigbèsè náà rí. Ìlú tí ó ti wá ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó ń dáàbò boni lè sọni di onígbèsè ohun tí a kò jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń ṣẹlẹ̀, bí a ó ti rí i níwájú.

Ọ̀nà Mẹ́kà

Nínú gbogbo ìrìn-àjò tí Yorùbá ń bá ẹgbẹ́ lọ sí òkè òkun, ti Mẹ́kà ni ó ní ìtàn tí ó gùn jù, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ sì pọ̀ sí. Kí ọkọ̀ òfuurufú tó gbòde, ilẹ̀ ni àwọn tí ó ń ti apá ìhín lọ ń gbà. Wọ́n á la Haúsá àti Bọ̀rnó kọjá, wọ́n á gba ilẹ̀ tí a ń pè ní Chad lónìí, wọ́n á gba Dárfúr, wọ́n á la Súdáànì já dé etí Òkun Pupa, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Jẹ́dà. Ìrìn-àjò náà lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Èrò á dáko níbi kan, á ṣe alágbàṣe níbòmíràn, á bímọ lọ́nà. Àwọn kan kò padà wá mọ́. Àwọn ọmọ ọmọ àwọn èrò láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ṣì wà ní Súdáànì di òní olónìí.

Ọkọ̀ ojú omi tí ó ń ti Éṣíà wá sí Jẹ́dà náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1865, àrùn onígbá-méjì bẹ́ sílẹ̀ ní Mẹ́kà. Ìṣirò ìgbà náà ni pé nǹkan bí 15,000 ènìyàn ló kú nínú nǹkan bí 90,000 tí ó péjọ. Àwọn tí kò kú gbé àrùn náà dé Íjíbítì, ó sì gba ibẹ̀ wọ Yúróòpù. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni àwọn orílẹ̀-èdè péjọ ní ìlú Constantinople láti jíròrò lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìlera èrò ti kúrò ní ọ̀rọ̀ èrò nìkan, tí ó di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé. Lẹ́yìn tí àrùn yírùnyírùn jà ní Mẹ́kà ní ọdún 1987, ìjọba Saudi sọ abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ di ọ̀ranyàn. Ẹni tí ó bá fi owó ra káàdì abẹ́rẹ́ láìgba abẹ́rẹ́, kí ó rántí pé òkú tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni ó bí káàdì náà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1880, ọkọ̀ ojú omi kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jeddah ń kó èrò Mẹ́kà tí ó lé ní 900 láti Singapore. Ìjì jà, omi wọ inú ọkọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ àti àwọn olóyè rẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré lóru, wọ́n fi èrò sílẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn gbé wọn dé Aden, wọ́n sì ròyìn pé ọkọ̀ Jeddah ti rì pẹ̀lú gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ Jeddah alára fi yọ gannboro, tí ọkọ̀ kejì fà á wọ èbúté, tí àwọn èrò sì wà láàyè nínú rẹ̀. Wọ́n gba ìwé àṣẹ ọ̀gá ọkọ̀ náà fún ọdún 3. A kò lè gbàgbé ohun tí ó fi òtítọ́ hàn níbẹ̀: àwọn èrò wà láàyè láti tako irọ́ tí olórí wọn pa.

Ọkọ̀ òfuurufú ni ó sọ ìrìn-àjò ọ̀pọ̀ ọdún di ti wákàtí mélòó kan. Ní ọdún 1958, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó àwọn tí ó ń lọ sí Mẹ́kà. Ní ọdún 1975, ìjọba àpapọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Òfin ọdún 2006 ni ó gbé àjọ tí ó wà níbẹ̀ lónìí kalẹ̀, ìyẹn NAHCON. Àwọn Kristẹni náà ní àjọ tiwọn láti ọdún 2007. Ohun tí irú àjọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni ohun tí oníbodè àti onílé ń ṣe láyé àtijọ́: kíka ènìyàn, gbígbọ̀wọ́ fún wọn, wíwá ibùsùn fún wọn, àti sísọ èèwọ̀ ìlú fún wọn.

Àwọn tí ń ta ìrìn-àjò

Kì í ṣe ìjọba nìkan ni ó ń kó èrò jọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1841, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Cook, kó nǹkan bí 500 ènìyàn wọ ọkọ̀ ojú irin láti Leicester lọ sí Loughborough fún ìpàdé àwọn tí ó kórìíra ọtí mímu. Ṣílè kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan san. Láti inú ọjọ́ kan yìí ni ilé iṣẹ́ kan ti dìde tí ó ń kó èrò lọ sí Yúróòpù, sí Íjíbítì, tí ó sì kó wọn yí ayé po ní ọdún 1872 sí 1873. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà tilẹ̀ gbé ìrìn-àjò Mẹ́kà àwọn ará ibẹ̀ lé e lọ́wọ́ láti ọdún 1886 fún ọdún mélòó kan. Ọgbọ́n Cook ni pé ó ta ìrọ̀rùn: èrò san owó lẹ́ẹ̀kan, ẹlòmíràn ro gbogbo èrò yòókù fún un.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ìrọ̀rùn ti fi ara rẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tí ó tà á. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ilé iṣẹ́ Cook wó lulẹ̀ nínú gbèsè. Nǹkan bí 150,000 ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́yìn odi ní ọjọ́ náà, tí wọn kò ní ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà. Ìjọba wọn ni ó háyà ọkọ̀ òfuurufú tí ó kó wọn wálé. Ohun tí ó gbà wọ́n ni pé ètò kan ti wà láti ọdún 1973, èyí tí ó mú un ní dandan pé kí ẹni tí ń ta ìrìn-àjò òfuurufú gba ìwé àṣẹ, kí owó ìdáàbòbò sì wà nílẹ̀ fún ọjọ́ tí ó bá ṣubú. Orúkọ ńlá kọ́ ni ó gbà wọ́n, òfin ni.

Nígbà tí olórí bá kùnà

Àwa náà ti rí tiwa. Ní ọjọ́ 22 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, ọkọ̀ òfuurufú kan tí wọ́n háyà láti kó àwọn alálàájì bọ̀ láti Jẹ́dà sí Èkó kò lè balẹ̀ ní Èkó nítorí ojú ọjọ́ tí kò dára. Ó yà sí Kánò, ibẹ̀ ni ó sì ti fọ́ nígbà tí ó ń balẹ̀. 176 ni ó kú nínú 202 tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 1991, ọkọ̀ mìíràn gbéra ní Jẹ́dà, ó ń kó àwọn alálàájì padà sí Ṣókótó. Ilé iṣẹ́ ará Kánádà kan ni ó ni ín, Nigeria Airways ni ó háyà rẹ̀. Atẹ́gùn táyà rẹ̀ kò tó. Àwọn tí ń tún ọkọ̀ náà ṣe mọ̀ kí ó tó gbéra, ṣùgbọ́n alábòójútó ètò kò fẹ́ kí àkókò lọ. Táyà gbóná, ó gbiná, iná sì jó ọkọ̀ náà lójú òfuurufú. Gbogbo 261 ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú. Kò sí ohun tí èrò kan lè ṣe sí táyà ọkọ̀. Nítorí èyí gan-an ni ó fi yẹ kí ẹni tí ó háyà ọkọ̀ fún èrò jẹ́ ẹni tí a lè mú lọ síwájú òfin.

Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ jẹ́ ewu tí ọ̀pọ̀ alára ń dá sílẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1990, èrò 1,426 kú nínú ihò ọ̀nà abẹ́ òkè kan ní Mínà lẹ́bàá Mẹ́kà. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ mìíràn ṣẹlẹ̀ ní Mínà kan náà. Ìjọba Saudi ka òkú 769. Ṣùgbọ́n nígbà tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ka ti ará tirẹ̀, tí wọ́n sì ro ó pọ̀, ó lé ní 2,000. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin iye méjèèjì kọ́ wa pé kíkà ṣe pàtàkì: òkú tí ìlú rẹ̀ kò kà lè má rí ẹni kà á mọ́.

Ní ọdún 2018, àwọn ọ̀daràn kan ní pápákọ̀ òfuurufú Kánò lẹ orúkọ obìnrin kan tí ó ń lọ sí Mẹ́kà mọ́ àpò tí kì í ṣe tirẹ̀. Oògùn olóró wà nínú àpò náà. Ìjọba Saudi mú obìnrin náà, ó sì wà ní àtìmọ́lé fún oṣù mélòó kan kí òtítọ́ tó jáde, kí wọ́n sì tó dá a sílẹ̀ ní òpin oṣù kẹrin ọdún 2019. Ìyà ikú ni òfin ibẹ̀ lè fi jẹ ẹni tí ó bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọ̀lú. Ẹ wò ó bí ó ti jọ ti ayé àtijọ́ tó: ẹni tí kò jẹ gbèsè ni wọ́n mú dípò ajigbèsè.

Èyí tí ó yẹ kí ó kó wa láyà jẹ jù ni ti ọdún 2024. Ooru mú ní Mẹ́kà kọjá àlà, ó lé ní ìwọ̀n 50 lórí ìwọ̀n Celsius. Ìjọba Saudi kéde pé 1,301 ènìyàn ni ó kú, àti pé nínú 100 àwọn tí ó kú, 83 ni kò gba ìwé àṣẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rin ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn láìní ibòji. Ìjọba Íjíbítì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ 16 tí ó kó irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ó kú wọ̀nyí kò dá rìn. Àárín èrò tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n kò sí orúkọ wọn nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Kò sí àgọ́ tí a pa fún wọn, kò sí ọkọ̀ tí ó ń dúró dè wọ́n, kò sì sí olórí tí yóò dáhùn fún wọn. Wọ́n wà láàrin ọ̀pọ̀, síbẹ̀ wọ́n dá wà.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́

Bí a bá kó gbogbo ìtàn wọ̀nyí jọ, ohun tí ó yẹ kí èrò òde òní ṣe kò ṣòroó rí. Kí ó tó sanwó, kí ó béèrè ìwé àṣẹ ẹni tí ó fẹ́ kó o lọ, kí ó sì lọ wádìí rẹ̀ lọ́wọ́ àjọ tí ó fún un ní ìwé náà. Kí ó gba ìwé ẹ̀rí owó tí ó san, kí ó sì mọ ohun tí owó náà bò: ọkọ̀, ibùsùn, oúnjẹ, ìtọ́jú bí àìsàn bá dé. Kí ó gba abẹ́rẹ́ gan-an, kì í ṣe káàdì. Kí ó gbọ́ ìròyìn ìlú tí ó ń lọ láti ẹnu ju ẹyọ ẹnì kan lọ, kí ó sì mọ oògùn, oúnjẹ àti ìwà tí òfin ibẹ̀ kà léèwọ̀, nítorí pé ohun tí a ń rà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjà wa lè jẹ́ ọ̀ràn ní ìlú ẹlòmíràn.

Nígbà tí ó bá dé ojú ọ̀nà, kí ó mọ àpò rẹ̀, kí ó mọ iye rẹ̀, kí ó má sì ṣe bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù tí kò mọ inú rẹ̀. Kí ó ní ẹ̀dà ìwé ìrìnnà rẹ̀ níbòmíràn yàtọ̀ sí ibi tí ìwé náà gan-an wà, kí ẹnì kan nílé sì ní ẹ̀dà kan. Kí ó kọ orúkọ ilé tí ó wọ̀ sí sínú ìwé ní èdè ìlú náà, nítorí pé ẹni tí ó ti ṣìnà kò lè júwe ilé fún awakọ̀ tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Kí ó mọ ibi tí ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ wà. Kí ẹgbẹ́ sì máa ka ara wọn kí wọ́n tó kúrò níbikíbi. Bí olórí kò bá kà wọ́n, kí wọ́n béèrè pé kí ló dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le fún wa nìyẹn. Àṣà wa kọ́ wa láti bọ̀wọ̀ fún olórí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti jẹ́ kí ọ̀wọ̀ náà di ìdákẹ́jẹ́. Bí ẹnì kan bá béèrè ibi tí ẹgbẹ́ yóò sùn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ní kí ó má ṣe yájú sí Àlàájì, tàbí pé kí ó má ṣe dán ìgbàgbọ́ Wòlíì wò. A sọ ìbéèrè di àrífín. Kò rí bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà láyé àtijọ́. Olórí ọ̀wọ́ tí ó bá kó èrò sínú ewu kò ní rí ẹni tẹ̀ lé e mọ́ ní ìrìn-àjò mìíràn, onílé tí àlejò rẹ̀ bá sọnù sì ní láti dáhùn níwájú ọba. Ọ̀wọ̀ wọn kò dín kù nítorí pé wọ́n ń jíhìn. Ìjíhìn gan-an ni ó bí ọ̀wọ̀ náà.

Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni pé igba àlejò kì í ríran ju àlejò kan lọ, àyàfi bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn bá gbìyànjú láti la ojú tirẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà. Òwe yìí kò sọ ti ẹni tí ó bá abèèrè rìn ṣùgbọ́n tí òun fúnra rẹ̀ kò béèrè. Ẹ jẹ́ kí a máa bá ẹgbẹ́ rìn, nítorí pé ó dára. Ṣùgbọ́n èrò tí ó bá fi ilé sílẹ̀, kí ó mú èrò inú rẹ̀ dání.